Igbe Tí Ojúọlá Gbọ́ Ṣáájú

Ojúọlá gbọ́ ìró àwo tó fọ́ kí àwo náà tó já bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, nílé wọn ní Fìdítì, ó ń gé ilá. Bó ṣe yí ojú sápá ọ̀tún báyìí, nǹkan kan ta wàì nínú agbárí rẹ̀, bí ìgbà tí iná bá gbé ènìyàn lára wáyà tó bó. Inú wàì yẹn ló ti gbọ́ ọ: pàrà! Ó bojú wẹ̀yìn. Adéwùnmí ọkọ rẹ̀ dúró ti tábìlì, ó di àwo funfun kan mú, ó ń nù ún. Kò sí ohun tó ṣe àwo náà.

"Kí ló fọ́?" ni Ojúọlá bi í.

"Kí ló fọ́ níbo?"

Adéwùnmí kò tíì pa ẹnu dé tí àwo fi yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pàrà! Ìró yẹn gan-an ni, kò yàtọ̀ rárá. Ojúọlá fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí oògùn rẹ̀ ti dúró.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lo oògùn náà, hóró kan láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe ní Ìlọrà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbùkúnolúwa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà pa á. Ojúọlá wà ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, níbi ẹ̀kọ́ tí àwọn tíṣà máa ń lọ ṣe nígbà ìsinmi gígùn. Kó tó dé, wọ́n ti sin ọmọ. Adéwùnmí sọ fún un pé àárọ̀ ni ara ọmọ gbóná, pé nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti dákẹ́. Láti ìgbà náà, Ojúọlá kò jẹun mọ́, kò wẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ sunkún. Lọ́jọ́ kan wọ́n bá a nínú oko ọsàn bàbá rẹ̀ tó di ike oògùn apakòríko mú, tó ti ṣí ìdérí rẹ̀. Tùmí àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ló wá gbé e lọ bá dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí ìbànújẹ́ ti bo ọkàn wọn mọ́lẹ̀. Oògùn yẹn ló gbé e dìde. Kò mú un gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kó lè máa rántí rẹ̀ láì kú ni.

Lọ́dún yìí, ìjọ aládùúrà tí Adéwùnmí ti ń ṣe alàgbà fẹ́ fi òun àti ìyàwó rẹ̀ joyè. Wòlíì Jùwọ́nlọ, olórí ìjọ náà, pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Màmá, ọ̀rọ̀ oògùn orí yẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹni tó ń gbé oògùn mì láràárọ̀, ṣé Ọlọ́run ló gbẹ́kẹ̀ lé ni, àbí dókítà?"

Adéwùnmí kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó kó gbogbo páálí oògùn náà, ó dà wọ́n sí ṣáláńgá. Ojúọlá dúró, ó ń wò ó. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ara òun ti le tó báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó bì níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Oorun kò wá mọ́. Ó sunkún nítorí ṣọ́ọ̀kì tó ṣẹ́, ó jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti yí ojú, iná á gbé e nínú orí: wàì. Ó fi fóònù pe Tùmí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í dá irú oògùn yẹn dúró lójijì!" ni Tùmí pariwo. "Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e, dókítà ló sì ń darí ẹ̀. Ara tó ti mọ̀ ọ́n lọ́dún mọ́kànlá ló ń bínú yẹn. Ẹ tètè máa bọ̀ ní Ìbàdàn."

"Ọkọ mi ò ní gbà."

"Ta ni iná ń gbé lórí, ẹ̀yin ni àbí ọkọ yín?"

Ojúọlá pa fóònù. Ọ̀rọ̀ àwo tó fọ́ yẹn, kò lè sọ ọ́ fún Tùmí. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Adéwùnmí gbà á gbọ́ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí àwo fọ́, Ojúọlá ní kó lọ ṣílẹ̀kùn, pé ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan níta. Ó padà jókòó, ilẹ̀kùn sì dún, kó, kó, kó. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó gbọ́ tí òjò ń lu páànù nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Òjò náà kò pẹ́ tó fi dé. Adéwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí nǹkan tó sọnù. Ó lọ sọ fún Wòlíì.

Bí wọ́n ṣe wọ aṣọ funfun fún Ojúọlá nìyẹn, tí wọ́n gbé àga fún un níwájú pẹpẹ, tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Aríran. Àwọn ènìyàn ń gun ọ̀kadà wá láti Ìmínì àti Ìwàrè. Wọn á kúnlẹ̀, wọn á máa wo ẹnu rẹ̀. Òun á jókòó síbẹ̀, òógùn tútù á bò ó, èébì á máa gun ọ̀fun rẹ̀.

"Wòlíì, ara mi ni kò dá," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kan. "Kì í ṣe ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí oògùn mi."

"Bí ẹ̀mí bá ń wọ ara, ara á gbọ̀n," ni Wòlíì dá a lóhùn. "Ẹ fara dà á."

"Ṣé o fẹ́ pa iná Ọlọ́run ni?" ni Adéwùnmí fi kún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni igbe náà dé. Ojúọlá ń ká aṣọ lórí okùn tí iná fi gbé e. Ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó la gbogbo ọ̀sán náà já: "Bùkúnmi! Bùkúnmi o! Má ṣe mí báyìí!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ. Ó mọ irú igbe bẹ́ẹ̀. Ó dúró de kí ó ṣẹlẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń ṣẹlẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àlàkẹ́ ti Ìmínì dé, ó pọn ọmọbìnrin kan sẹ́yìn. Ojú ọmọ náà ti wọnú, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò.

"Ẹ bá mi wò ó, Màmá," ni Àlàkẹ́ wí. "Bùkúnmi lorúkọ rẹ̀. Olúwabùkúnmi."

Ohùn yẹn ni. Ojúọlá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fẹnu sí etí obìnrin náà.

"Gbé e lọ sí ọsibítù. Báyìí. Má dúró níbí."

Àlàkẹ́ ń tú ọ̀já kí ó lè tún ọmọ pọ̀n dáadáa. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, ó sì kọjú sí ìjọ. "Aríran ti rí ìṣẹ́gun! Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí yóò lò lórí ẹní àdúrà!"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!" Ojúọlá pariwo. "Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀! Ọmọ yìí máa kú!"

Wòlíì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọ̀tá ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti dán ìgbàgbọ́ ìyá ọmọ wò. Adéwùnmí di apá ìyàwó rẹ̀ mú, ó mú un jáde. Àlàkẹ́ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Níkẹyìn, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí ẹní.

Fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, Adéwùnmí ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ Ojúọlá, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kó wọ aṣọ funfun kó wá wo bí ọmọ yóò ṣe dìde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ìjọ lọ́sàn-án gangan. Igbe náà pàdé wọn níbẹ̀.

"Bùkúnmi! Bùkúnmi o! Má ṣe mí báyìí!"

Lọ́tẹ̀ yìí, iná kankan kò gbé Ojúọlá lórí.

Àwọn obìnrin rọ̀gbà yí Àlàkẹ́ ká. Wòlíì sáré jáde, ó fa Adéwùnmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò rí i pé Ojúọlá wà lẹ́yìn òpó.

"Alàgbà, ẹ bá mi bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ sọ tiyín fún un. Ọjọ́ mẹ́ta náà lọmọ tiyín lò lórí ẹní, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn yín."

Ojúọlá jáde láti ẹ̀yìn òpó.

"Ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ojúọlá, jẹ́ ká délé ná," ni Adéwùnmí wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìbùkún lò níbí? O ní àárọ̀ ni ara rẹ̀ gbóná."

Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ "o" sí i rí. Adéwùnmí gbọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní yóò yè. Mo gbà gbọ́ pé yóò yè."

"Ọ̀yọ́ ni mo wà. Mọ́tò kì í lò tó wákàtí kan kó tó dé Ọ̀yọ́. Kí ló dé tí o ò ránṣẹ́ sí mi?"

Ohùn Adéwùnmí rẹlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí Ojúọlá má gbọ́.

"Wọ́n ní bí o bá dé, o máa gbé e lọ sí ọsibítù."

Ojúọlá kò lù ú, kò ṣépè. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Adéwùnmí. Ó rìn dé títì pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Dókítà tó rí i jẹ́ obìnrin àgbà kan tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní iná tó ń gbé e lórí kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣe wèrè; pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dá oògùn náà dúró lójijì ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ dá a padà sórí oògùn náà. Bó bá wá wù ú láti bọ́ kúrò, wọn yóò máa gé e díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù.

"Àwọn ohun tí mò ń gbọ́ kí wọ́n tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

Kálàmù dúró lọ́wọ́ dókítà. "Ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ojúọlá ń gbé lọ́dọ̀ Tùmí báyìí, ó sì ti sọ gbogbo ohun tó ń gbọ́ fún un. Oorun padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún mọ ilẹ̀ í tẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ pé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé oògùn náà, ó sì ń lọ déédéé: òòyì díẹ̀, àárẹ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òun àti Tùmí jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ojúọlá yí ojú láti mú abọ́. Wàì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó gbọ́ táyà tó ń fa títì, ó gbọ́ irin tó ń wó mọ́ irin. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ké, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀: "Ojúọlá! Ojúọlá, gbà mí!"

Láràárọ̀ ni Adéwùnmí ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

"Kí ló dé?" ni Tùmí bi í. "Ẹ gbọ́ nǹkan ni?"

Fóònù Ojúọlá wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà Adéwùnmí ṣì wà nínú rẹ̀.

"Rárá," ni ó wí, ó sì bu ẹ̀gúsí mìíràn.