Fídíò tí Àkọ́bí Tọ́ Wò

"Wò ó parí," ni ìyá Àkọ́bí wí fún un bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. "Má kàn fojú kan ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lásán. Mi ò ní fún ọmọ ọlọ́mọ ní oúnjẹ tí n kò tọ́ wò, mi ò sì ní fún un ní fídíò tí a kò tọ́ wò."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Kí lo gbọ́?"

"Kí n wò ó parí, kí n wá bi ara mi pé, bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀ níbi tí àgbà ò sí, ṣé kò ní fara pa?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èébú àti ìjà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé kò dáa fún ọmọdé. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ ni kó o máa wá."

Olùtọ́jú ọmọ ni ìyá náà. Láàárọ̀, àwọn òbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ á já ọmọ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì padà wá gbé wọn nírọ̀lẹ́. Òun ló ń bọ́ ilé náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àkọ́bí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ló máa ń bá a tọ́ fídíò wò, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà kan, ó yọ fídíò ìdílé kan tó ń fọwọ́ bọ́ ọ̀bọ lóúnjẹ níbi tí wọ́n rìnrìn àjò lọ. Ó ní bí àwọn ọmọ bá rí i, ajá àdúgbò ni wọ́n máa kọ́kọ́ dán an wò lára. Ìyá rẹ̀ ròyìn ọ̀rọ̀ yẹn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyá ní ìpàdé kan nígboro. Ó fi àwọn ọmọ ti Àkọ́bí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Kékeré, tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, wà níbẹ̀. Aláròyé náà wà níbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì ojúlé kejì bí. Ọmọ náà lè bá àga sọ̀rọ̀ títí àga á fi dá a lóhùn.

Fídíò tuntun náà dùn ún wò. Ìdílé kan ń rìnrìn àjò: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Wọ́n wọ bàálù, wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń fi omi òkun wọ́n ara wọn. Kò sí èébú, kò sí ìjà. Láàárín ẹ̀ ni bàbá náà gbé àbíkẹ́yìn wọn sínú àpótí onítáyà, ó fa síìpù, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ń wọ́ àpótí náà yí yàrá ká. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọmọ náà fò jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn.

Ó fẹ́ pa fídíò náà rẹ́ nígbà tí fóònù dún. Òdòdó ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ìyá arúgbó! Gbogbo wa ti wà lórí fóònù. Àbí o ṣì ń fọ ìdọ̀tí ọmọ ọlọ́mọ?"

Àwọn ọ̀rẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ní pálọ̀, ọmọ kan ń sunkún, òmíràn ti bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Fídíò náà sì gùn. Á mú wọn jókòó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ bá a wá àwáwí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Ó tan fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ń bá a lẹ́yìn títí. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Bí ilé tí ọmọdé kún inú ẹ̀ bá dákẹ́, kí àgbà dìde ló yẹ. Àkọ́bí ní tirẹ̀ dúpẹ́ fún ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì túbọ̀ na ẹsẹ̀.

Kékeré wá fa aṣọ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ wá bá wa ṣí i. Síìpù náà ò lọ mọ́."

"Ṣé o ò rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ ni? Lọ jókòó!"

Ọmọ náà lọ. Ó tún padà wá.

"Àǹtí, Aláròyé ò dá wa lóhùn mọ́."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ ló fi ya àpótí náà.

Aláròyé kò kú. Àwọn èèyàn ní ká dúpẹ́. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ní ká dúpẹ́ fún. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀, tó ti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ títí nílé ìwòsàn, ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ tirẹ̀, ọmọ náà sì ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìyá Àkọ́bí pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó.

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Eré tó ń kọ́ wọn ní lẹ́tà ni, Màmá." Ó ti pa fídíò náà rẹ́.

"Ta ló wá kọ́ wọn ní ti inú àpótí?"

Àkọ́bí wolẹ̀. "Kékeré ni. Òun ló ronú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo wà ní kíṣíìnì, mò ń se oúnjẹ wọn."

Ìyá yíjú sí ọmọdékùnrin náà. "Ṣé ìwọ lo fa síìpù yẹn?"

"Èmi ni. Nínú tẹlifíṣọ̀n, bàbá wọn fà á. Wọ́n ṣí i, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Aláròyé ò rẹ́rìn-ín."

"Irọ́ ló ń pa," ni Àkọ́bí wí.

Ìyá gbá Kékeré létí. Kò nà án rí kó tó di ọjọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó gbé ọmọ wá sí pálọ̀ náà mọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn fọṣọ. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ Kékeré ní Apààyàn, àwọn òbí sì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bó bá ń kọjá. Bó bá ní òun rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ̀ á ní kó yé parọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Àkọ́bí ní tirẹ̀ ṣe ìdánwò, ó sì yege.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá Kékeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ó ń fi okùn bàtà so ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi eyín fa okùn náà kó le.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ so ó, kó má baà ṣe nǹkan kan mọ́."

Àkọ́bí sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fọṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀: fídíò, Òdòdó, ẹ̀yìnkùlé, irọ́. Ìyá ò pariwo. Ó nu ọṣẹ lọ́wọ́, ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí.

"Kékeré mi, jọ̀ọ́ forí jì mí. Òótọ́ lò ń sọ. Fídíò wà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló fi hàn yín. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mi orí.

"Kò sí fídíò kankan, Màmá. Èmi ni mo ronú ẹ̀ fúnra mi."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò yí i lérò padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi ọmọdé tì yín, ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa ṣe, torí kò tíì mọ ohun tó ń pani. Ẹ wò ó kó tó wò ó. Bí ọkàn yín bá sì ní kò dáa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀sín ọ̀rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá ṣì í ṣe, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ Àkọ́bí bá irọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n di irọ́ náà rù ti gba irọ́ náà gbọ́.