Ohun Tí Àtọ́kẹ́ Rí Láti Orí Òkè Mápó

"Àtọ́kẹ́, ṣé o ò tíì múra ni? Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà o!"

Sìdí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àtọ́kẹ́ yára fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó wo ẹ̀yìn. Nínú yàrá, Èjìdé, ìyá ìyá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn lọ lórí ẹní. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ arúgbó náà ti rọ. Bí wọn kò bá gbé e, kò lè kúrò lójú kan. Kí ìyá Àtọ́kẹ́ tó lọ sí oko láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti tẹnu mọ́ ọn fún ọmọ rẹ̀: "Má fi ìyá mi sílẹ̀ lónìí. Bí o bá fẹ́ pọn omi pàápàá, pe ẹnìkan kó jókòó tì í."

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìjọba òyìnbó ti kọ́ gbọ̀ngàn Mápó parí, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ọmọge Bẹyẹrunkà, àdúgbò wọn. Wọ́n ní àwọn òpó rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á rí gbogbo Ìbàdàn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí ará ìlú wá wò ó.

"Ta ni kí n fi tì í?" Àtọ́kẹ́ béèrè.

"Ṣebí ó ń sùn? A ó ti dé kó tó jí."

Bí ó bá pe aládùúgbò, ìyá rẹ̀ á gbọ́. Bí ó bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá yà wá kí arúgbó á rí i pé òun nìkan ló wà. Àtọ́kẹ́ bá pa ilẹ̀kùn dé, ó fi àgádágodo há a níta, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

Wọ́n gba Bẹẹrẹ kọjá, wọ́n pọ́n òkè náà nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń bó èèyàn létè. Nígbà tí wọ́n dé òkè, Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òpó náà. Ó tutù bí ìkòkò omi. Ó wá yí ojú sí ìlú.

"Yéè, Sìdí! Ṣé ibi tí à ń gbé nìyí?"

Òrùlé ló kún ilẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà àti òrùlé koríko fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, wọ́n tún gun òkè mìíràn lọ. Ọjà'ba tó máa ń sọnù sí nígbà tó wà ní kékeré kò ju ẹní kan lọ lójú rẹ̀. Àyà rẹ̀ kún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá agbo ilé tirẹ̀.

"Wo mọ́sálásí yẹn. Wo igi odán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé wa ló tẹ̀ lé—"

Èéfín ló rí. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń dáná ni, àfi bí èéfín náà ṣe ki, tó sì dúdú.

Ọkùnrin kan tó dúró nítòsí wọn fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. "Iná mà nìyẹn o! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èèyàn wà nínú ilé náà."

Ọwọ́ Àtọ́kẹ́ lọ sí etí ìró rẹ̀. Kò dágbére fún Sìdí tó fi sáré.

Nígbà tó dé ilé, òrùlé ti wó. "Ìyá àgbà wà nínú ilé!" ló ń ké, títí obìnrin kan fi dì í mú. "Wọ́n ti gbé e jáde, ọmọ mi. Wọ́n ti gbé e jáde."

Èjìdé wà lábẹ́ igi odán, ó ń wúkọ́. Àkíbù aránṣọ, aládùúgbò wọn tí àwọn ọmọdé ń pè ní Baba Gàfárù, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná ta láti ilé ìdáná ilé kejì. Àwọn èèyàn rí àgádágodo, wọ́n rò pé kò sẹ́ni nínú ilé, ni wọ́n bá kọjá lọ bu omi sí ilé mìíràn. Àkíbù nìkan ló gbọ́ tí ẹnìkan ń fi ọwọ́ lu ògiri láti inú ilé. Ó fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn. Bó ṣe gbé arúgbó ń bọ̀, igi àjà tó ń jó já lé e lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Yésúfù, Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé, pe gbogbo wọn jọ. Ìyá Àtọ́kẹ́ ti ti oko dé.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ arúgbó?"

Èjìdé ló dáhùn, ohùn rẹ̀ há: "Èmi ni mo ní kó tì í. Ewúrẹ́ ló ń yọ mí lẹ́nu."

Bí Àtọ́kẹ́ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó wo ọwọ́ Àkíbù tí wọ́n fi ewé dì.

"Ìyá àgbà ò ní kí n tì í, Baba," ó wí. "Wọ́n ń sùn ni. Mápó ni mo lọ wò. Mo tì í kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé mo jáde."

Ìyá rẹ̀ kò lù ú. Ó fi gèlè bo ojú, ó ń sunkún, èyí sì dun Àtọ́kẹ́ ju ẹgba lọ.

Èjìdé kò rí òpin ọyẹ́ náà. Èéfín ti wọ̀ ọ́ láyà. Ọwọ́ Àkíbù jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ká kò, wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àtọ́kẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Baba Gàfárù, ẹ kọ́ mi níṣẹ́. Kí n máa rán ohun tí ẹ bá wọ̀n."

Àkíbù gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. "Ìyẹn kò ní dá ọwọ́ mi padà."

"Mo mọ̀, Baba."

"Jókòó nígbà náà."

Àtọ́kẹ́ rán aṣọ wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Àkíbù ní kó tú u. Ó tú u, ó tún un rán. Ọdún ń gorí ọdún, ó di ẹni tí àwọn àgbà ń gbé agbádá wá fún, Àkíbù sì ń jẹ nínú iṣẹ́ náà títí ó fi kú.

Nígbà tí òun náà ní ọmọ iṣẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ fi aláìsàn tàbí ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ sáré lọ wo ìran, kì í pariwo mọ́ wọn. Á ní: "Ẹni tí wọ́n bá ní kí ẹ tọ́jú, ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́. Ìran tí ẹ fẹ́ wò á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn san owó ìran tí ojú yín wò."