Oríkì Tí Sàlámọ̀tù Fi Ránṣẹ́

Fóònù tí Sàlámọ̀tù gbà lọ́wọ́ ọmọ ti wà nínú pọ́ọ̀sì tó so mọ́dìí láti àárọ̀, iná ti tán nínú rẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, àtàǹpàkò Qaosarat ọmọ rẹ̀ ò yéé lọ sókè sísàlẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ òfìfo. Èyí tó já ìyá láyà jù ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn sí ọmọ lójú. Wọ́n ti fèrèsé, yàrá ṣú, ojú Qaosarat sì ń mọ́ ó ń ṣú, bí ìgbà tí àwòrán ń kọjá.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ má wò ó báyìí o, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ mọ́ ata, tó ń sáré gbé dòdò Ìkirè lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ní títì Ifẹ̀. Àfìgbà tí fóònù dé. Ìyá á pè é títí ọ̀fun á gbẹ, kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún fín, orí ti gbé sókè. Ni Sàlámọ̀tù bá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù. Ó ní kí Ọlámijù aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀, kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Nígbà tí orúkọ lásán ò ràn án mọ́, ó ń ki ọmọ sínú fóònù.

"Àkànkẹ́ mi, Àkànkẹ́ tí mo fi ẹ̀bẹ̀ bí, jẹ́ mi lóhùn."

Láti inú yàrá, ọmọ á fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ padà: "Màámi, mò ń bọ̀." Kì í bọ̀.

Ìyá tó bí Sàlámọ̀tù wá kí wọn láti Àpòmù, ó gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ò lélẹ̀.

"Sàlámọ̀, ojúkojú là ń ki ọmọ. Bí ọmọ bá dákú, oríkì yẹn lo máa fi pè é padà. Ibi tí o bá ti kọ́ ọ láti máa jẹ́ ẹ, ibẹ̀ náà ló ti máa jẹ́ ẹ."

Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín. "Màámi, ayé ti yí."

Lọ́sàn-án yìí, kò rí ẹ̀rín rín. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tutù bí omi àmù. Ó bu omi sí i lójú, ó kéwú sí i létí. Àtàǹpàkò ń lọ.

"Nǹkan yìí ló gbà ọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí jẹ́jẹ́. Ó já fóònù yọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí epo pupa ti ń hó nínú agbada dòdò, ó jù ú sí i. Epo ta, fóònù rì.

Ó sáré wọlé. Àtàǹpàkò ti dúró. Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lójú ọmọ. "Alihamudulilai," ni Sàlámọ̀tù ń wí lọ́wọ́ tí orí Qaosarat fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Kò mí.

Ìyá fi ẹnu kan etí ọmọ. "Àkànkẹ́ mi, Àkànkẹ́ tí mo fi ẹ̀bẹ̀ bí, jẹ́ mi lóhùn."

Ètè ọmọ ò mì. Ẹ̀yìnkùlé ni ìdáhùn ti wá, tín-ín-rín, láti ìsàlẹ̀ epo.

"Màámi, mò ń bọ̀." Epo tún ta. "Màámi, ó gbóná."

Igbe ni Ọlámijù gbọ́ tó fi sáré dé. Ó bá Sàlámọ̀tù lórí ìkúnlẹ̀ nídìí iná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú epo dé ìgúnpá, ó ń wá nǹkan nísàlẹ̀ agbada, ó sì ń ki ọmọ rẹ̀.