Ẹjọ́ Tí Akínkúnlé Dá Lórí Àpáta

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, kò sì gùn.

Ní abúlé kan lẹ́bàá Àgọ́-Àmọ̀dù, orí àpáta kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń sá láfún sí. Olúkúlùkù fi òkúta wẹ́wẹ́ pa ààlà tirẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni yóò kó ti gbogbo èèyàn sínú àpò, láì béèrè ẹni tí ó ni ín. Bí ẹni tí ó ni ín bá ti oko dé, yóò dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ayé àwọn baba wọn.

Akínkúnlé ni olórí ẹ̀ṣọ́ abúlé náà. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè àti nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò mọ Olúwa. Nígbà kan, ó mú ẹni tí ó jí alùpùpù rẹ̀, ó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi rí ọkùnrin náà ní ọjà, tí ó ń jẹ ìrèké. Láti ọjọ́ náà ni ó ti búra pé òun kò ní fa olè kankan lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ mọ́.

Òun ló ń mú wọn, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é. Àdìjátù tó ń ta iyọ̀ a máa bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Adájọ́, ẹ̀rù yín kì í jẹ́ kí n mú ẹran nínú ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè.” Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú. Àwọn obìnrin rí àlejò kan lórí àpáta, tí ó ń kó láfún láti inú ààlà méjì sínú àpò. Wọ́n kígbe olè.

Muhydeen ni orúkọ rẹ̀, ará Ìwéré-Ilé. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ó kó wá sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Misturat, nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí ó wà lóko ní ọjọ́ náà, ló kọ́ ọ ní àṣà orí àpáta náà. Ó ń sọ fún wọn pé òjò ló ń bọ̀, pé òun ń bá wọn kó o ni. Kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ìyá àgbà kan ní kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Akínkúnlé ní, “Ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀. A ó parí rẹ̀ níbí.”

Ó ní kí Wàhábì, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, so ó mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé igi. Àwọn èrò ṣe ìyókù. Nígbà tí òjò dé, Muhydeen ti kú. Ọ̀kan nínú ààlà méjèèjì náà, ti Misturat ni.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, okùn Wàhábì ni wọ́n bá lára òkú. Wọ́n mú Wàhábì lọ sí Ṣakí. Akínkúnlé dákẹ́. Kóòtù fi Wàhábì sí àhámọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kúrò ní ilé ìwé. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ṣú, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fọwọ́ kan láfún ẹlòmíràn. Ó jẹrà lórí àpáta. Wọ́n lọ ń ra láfún ní Ìgbòho, àwọn tí ń tà á fún Ìgbòho tẹ́lẹ̀.

Akínkúnlé ń jẹun, kò mọ adùn iyọ̀. Kò sunkún. Ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú tí ẹsẹ̀ ṣì ń rìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọlásúnkànmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, díákónì kan tí ó ti sin ọmọ méjì. Ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó bá a bó pákí. Ó wá fi orúkọ ọmọ Akínkúnlé pè é.

“Baba Mọpẹ́, okùn nìkan ni Wàhábì mú.”

“Mo mọ̀.”

“Ta ló dá ẹjọ́ náà?”

Akínkúnlé bó pákí kan tán. “Èmi ni. Ẹni tó ṣe irú èyí, ṣé Ọlọ́run ṣì ní ohun tí yóò bá a sọ?”

Ọlásúnkànmí sọ fún un nípa Jésù, ẹni tí kò ṣẹ̀, tí àwọn èrò pariwo lé lórí títí wọ́n fi pa á, tí ó sì kú fún àwọn tó ń pariwo náà. Ó ní, “Ó ń gba apànìyàn. Ṣùgbọ́n kò ní bá ọ fi Wàhábì sí ibi tó yẹ kí o wà.”

“Bí mo bá lọ sọ ọ́ ní Ṣakí, n kò ní padà wálé mọ́.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N ó sìn ọ́ dé ibẹ̀.”

Akínkúnlé kúnlẹ̀ sáàárín èèpo pákí. Ó ní, “Jésù, èmi ni mo pa á. Ṣàánú mi.” Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ orin. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí òjò náà rọ̀.

Kí wọ́n tó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Misturat lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó ṣe.

Misturat ní, “Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá. Èmi ò tíì lè dárí jì yín.”

Ó lọ sọ ọ́. Wàhábì padà sílé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Akínkúnlé wà lẹ́wọ̀n títí di òní. Ọlọ́run dárí jì í, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò gbé igi rí. Bóyá ẹ̀yìn èrò ni o dúró sí, tí o ń fi fóònù ya fọ́tò. Bóyá ẹlòmíràn ló ń jìyà ohun tí ìwọ ṣe, tí o sì dákẹ́. Ọlọ́run rí ibi tí o dúró sí. Òun ni Adájọ́ tí kì í ṣi ẹjọ́ dá, síbẹ̀ Ọmọ rẹ̀ ni ó fi gba ìyà tí ó tọ́ sí ọ. Kò béèrè pé kí ẹkún kọ́kọ́ wá. Bí ọkàn rẹ bá tilẹ̀ ti kú bí igi, gbé e wá bẹ́ẹ̀.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Dárúkọ ohun tí o ṣe fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ sí ilé ẹni tí o ṣẹ̀, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.