Ìjà Tó Lé Òùngbẹ Lọ

"Ìṣó mẹ́tàdínlógójì lára àga kan ṣoṣo? Ṣé ẹni tó máa jókòó lé e lo fẹ́ kàn mọ́gi ni?"

Ohùn àǹtí tó jẹ́ káfíńtà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún, kò tilẹ̀ mira.

"Nọ́ọ̀sì ló ní tí òùngbẹ ọtí bá dé, kí n wá nǹkan fọwọ́ ṣe."

"Ṣé ó ní kí o ba àga oníbàárà jẹ́ ni?"

"Kò ṣáà ní kí n má bà á jẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àǹtí, ó fi òṣé bò ó.

Láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn ti dojú dé, tí ẹgbẹ́ wọn mẹ́ta kú, ni ọmọ yìí ti sọ ọtí di oògùn oorun. Bí omi ló ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú tí wọ́n mú un lọ ló kọ́ ọ pé òùngbẹ náà kì í dúró títí: tó bá ti dé, kó tètè sọ fún ẹnì kan, kó má sì dá wà títí yóò fi kọjá. Ogójì ọjọ́ rèé tí ọtí ò tíì kàn án lẹ́nu.

Wọ́n ṣì ń jà lórí ìṣó nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹni tí òun náà yè nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Ó fa ìgò yọ lábẹ́ aṣọ, ó ṣí i.

"Ẹnu kan péré. Ta ló máa mọ̀?"

Òórùn ọtí wọ ọmọbìnrin náà nímú. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà lọ kó tó yíjú pa dà.

"Àǹtí mi, òùngbẹ yẹn ti dé o."

Àǹtí fa àpótí, ó jókòó tì í gbágbáágbá. "Ó dáa. Jẹ́ ká máa bá ìjà wa lọ. Ìwọ tó jẹ́ pé tí o bá ń fági, ewúrẹ́ á rò pé oúnjẹ lò ń bù fóun."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn."

"Ó sàn ju orin tẹ́ ẹ máa ń kọ lọ. Oníbàárà méjì ló ti sá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi máa wo aago, ìdajì wákàtí ti lọ. Ọwọ́ rẹ̀ sinmi jẹ́ẹ́ lórí itan.

"Òùngbẹ náà ti lọ," ló wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yínmú. "O ti wá di ọmọ ọwọ́ báyìí, tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ pe àǹtí kí o tó lè kọ ìgò."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ̀rù bọ́ọ̀sì yẹn bá bà mí, mo máa ń pe èèyàn ni. Ohun tí mo fi ń sùn láìmutí nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Tí ẹ̀rù ẹ̀ bá bà ẹ́, ta lò ń pè?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Ó dé e pa dà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì wọ́n.