Ajarat Tó Ń Yan Ẹja ní Agboyi

Ajarat gbórí sókè lórí ààrò, omi ń dà lójú rẹ̀ poroporo, ó sì rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà rẹ̀ tó na hánkí funfun sí i bí ẹni tó wá báni kẹ́dùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, aunty," ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ta ló kú?"

Ajarat wo hánkí, ó wo ojú onítọ̀hún. "Ẹja ni, sà. Èéfín ló kó sí mi lójú."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, èéfín gbà á lẹ́nu, ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Ajarat bu omi fún un.

Oṣù Kẹta ọdún 2006 ni, nígbà tí wọ́n ń ka ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣọládé ni orúkọ ọkùnrin náà, tíṣà ni ní Kétu, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá ka àwọn ará etí odò. Ó bi Ajarat pé mélòó ni wọ́n nínú ilé. Ajarat ní àwọn méjì ni, òun àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá òun, tó tọ́ òun dàgbà nígbà tí àwọn òbí òun kú. Ó ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni òun.

"Ọkọ ńkọ́?"

"Ṣé ó wà nínú fọ́ọ̀mù ni, àbí tíṣà ló fẹ́ mọ̀?"

Ṣọládé tẹjú mọ́ bébà. "Ó wà nínú fọ́ọ̀mù." Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Tíṣà náà sì fẹ́ mọ̀."

Nígbà tó kan iṣẹ́, ó fẹ́ kọ ọlọ́jà sílẹ̀, Ajarat kọ̀ fún un. Ó ní òun kì í ṣe ọlọ́jà lásán. Ẹja tí ì bá ti jẹrà kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ni òun ń gbà á sílẹ̀ tó fi ń lo oṣù mẹ́ta láìbàjẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ṣọládé padà wá láìmú fọ́ọ̀mù kankan dání. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé-Sátidé. Ajarat kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ fọ inú ẹja àrọ̀, bí wọ́n ṣe ń ká ìrù rẹ̀ wá sí ẹnu, tí wọ́n á fi igi tín-ínrín há a kí ó lè jókòó bí òrùka lórí wáyà. Ó ní iná kò gbọdọ̀ jó lala, torí bí ẹ̀yìn ẹja bá tètè gbẹ tí inú rẹ̀ sì tutù, ìdin ni yóò jẹ ẹ́. Èéfín jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ méjì ni, kí wọ́n tó sá a sóòrùn, kí wọ́n tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì tẹ́. Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, á fi ìka kan ẹja, á ní èyí kò tíì gbọ́ iná, Ṣọládé á sì dá a padà sórí ààrò.

"Ajarat mi," ó wí lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, "kò síbi tí ọkàn mi ti ń balẹ̀ bí ibí yìí."

"Nínú èéfín yìí?"

"Níbi tí o bá wà ni."

Ajarat kò rẹ́rìn-ín. "Bí o bá délé, wàá wẹ̀ ẹ́ kúrò. Èmi, ara mi ló wà."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ṣọládé mú un lọ kí ìyá rẹ̀, opó tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì. Ajarat wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọwọ́. Mummy Ṣọládé gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó sì bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí Ajarat ṣe dáhùn, obìnrin náà dìde, ó lọ ṣí fèrèsé.

Nígbà tí Ajarat ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. "Ti ẹ̀sìn kọ́, Ṣọládé. Alhaji ni ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja kò ní wọ ilé yìí níṣojú mi."

Ajarat ní kí Ṣọládé má wá mọ́. "Ìyá kan ṣoṣo lo ní," ó sọ fún un. "Mi ò ní bá wọn du ẹ́."

Ṣọládé wá sí etí odò lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìyẹn, Ajarat kò jáde sí i. Ó ń yan ẹja rẹ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, odò Ògùn kún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, omi ti wọlé, amọ̀ ààrò ti wó. Orí tábìlì ni Ajarat gbé Ìyá Àgbà sí, tó ń gbọ̀n, pẹ̀lú báàfù ẹja mẹ́ta tí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní rà. Ọkọ̀ ojú omi kan yọ, Ṣọládé sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó mù ún dé itan. Ó pọn Ìyá Àgbà. Ajarat ní kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀.

"Ẹja náà ń bọ̀," Ṣọládé wí.

Ìkòsì ló kó wọn lọ. Ìyá rẹ̀ rí arúgbó afọ́jú tí omi ń ro lára rẹ̀, ó ṣí géètì, ó wá ìró gbígbẹ fún un. Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú, ẹja sì ti ń rọ̀. Ajarat to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi irin fèrèsé àtijọ́ lé e. Iná yá jù.

Mummy Ṣọládé ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Nígbà tó yá, ó jáde wá, ó so ìró rẹ̀ le, ó kúnlẹ̀. Ó fa ìdajì igi inú iná náà yọ, ó fi èèpo àgbọn tútù bo ìyókù. Ó mú ẹja àrọ̀ kan, ó ká a ní ẹ̀ẹ̀kan, ó há a.

Ìyá Àgbà yí etí síbẹ̀. "Ta ló ń ká ẹja yẹn? Ọwọ́ ọmọ etí omi ni."

"Èmi ni, mà," Mummy Ṣọládé dáhùn. "Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹja ni ìyá mi yan tó fi rán mi níwèé."

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń fi ọwọ́ di imú ní kíláàsì. Ó ní nígbà tí òun lọ́kọ tán, òun kò mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun mọ́, àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, òkèèrè ni òun dúró sí kí èéfín ààrò ilé ìyá òun má bàa wọ aṣọ òun. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣí fèrèsé," ó wí. Ajarat, tó ti kórìíra obìnrin yìí láti oṣù kan ààbọ̀, na ẹja mìíràn sí i. Àwọn méjèèjì jọ yan án títí ó fi gbẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, Mummy Ṣọládé kúnlẹ̀ níwájú ẹní Ìyá Àgbà, ó ní òun wá tọrọ ọmọ wọn fún ọmọ òun.

"Èmi kọ́ ló máa bá a gbé," Ìyá Àgbà wí. "Ẹ bi í."

Ajarat náà kúnlẹ̀. "Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mà."

"Mi ò jẹ́ sọ pé kí o fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Òtútù omi náà kò kúrò lára Ìyá Àgbà. Kí ó tó kú nínú oṣù Kọkànlá, ó fi ọwọ́ Ajarat lé ọwọ́ Ṣọládé, ó sì ṣàdúrà fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé òkú rẹ̀ padà sí Agboyi, Mummy Ṣọládé sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ sàréè gan-an títí wọ́n fi bo erùpẹ̀ tán.

Oṣù Kìíní ni wọ́n so wọ́n pọ̀, láìsí ìlù, torí ọ̀fọ̀. Alfa ṣe àdúrà, pásítọ̀ Mummy Ṣọládé náà ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ajarat jókòó, ó ń sunkún Ìyá Àgbà. Ṣọládé jókòó tì í, kò pa á lẹ́nu mọ́.

"Èmi ò lè dípò wọn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ibi tí o bá wà, ibẹ̀ ni màá wà, títí di ọjọ́ alẹ́ wa."

Ajarat gbórí lé e léjìká.

"Mo gbọ́, ọkọ mi," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.