Aboyún Tí Kò Rí Iyanrìn Bímọ Sí

Aboyún kan dúró lẹ́nu ọ̀nà Morìnsọ́lá nínú aṣọ tó tutù fún omi, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ohùn lẹ́nu rẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ki bí omi ilá. Morìnsọ́lá ti ń gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún létíkun Àgbádárìgì, láti ìgbà tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kò tíì kọ́lé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí irú rẹ̀ rí.

"Wọlé, kí o dùbúlẹ̀ sórí ẹní."

"Iyanrìn ni mo fẹ́, ìyá."

Wọ́n jọ rìn lọ sétí òkun nínú oòrùn ìyálẹ̀ta. Níbi tí obìnrin náà kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí, gbòǹgbò àgbọn tí òyìnbó kan gbìn ti gba gbogbo ilẹ̀. Níwájú díẹ̀, ihò ni gbogbo rẹ̀; àwọn ará abúlé ti hú ẹyin ìjàpá òkun níbẹ̀ tán. Ó tún kúnlẹ̀, ó gbóòórùn iyanrìn, ó mi orí.

"Wọ́n á hú u."

"Ta ni yóò hú ọmọ ẹ?" Ó ti sú Morìnsọ́lá. Ó gbá obìnrin náà mú lẹ́yìn kí ó má baà ṣubú. Lábẹ́ aṣọ tútù náà, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, ó tẹ̀ bí igbá.

Morìnsọ́lá jáwọ́.

"Èmi nìkan ló kù, ìyá," ni obìnrin náà wí. Ó rìn wọ inú ìgbì lọ.

Morìnsọ́lá sáré wá Sagbo ọkọ rẹ̀, ẹni tí ń pa ìjàpá òkun, tí ń ta igbá ẹ̀yìn wọn fún àwọn oníṣòwò. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó yé pa wọ́n. Ó ti sọ fún baálẹ̀, ó ti lọ bá akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ pàápàá. Ìyẹn ní kí ó lọ máa gbẹ̀bí rẹ̀.

Sagbo àti Zinsu, tí wọ́n jọ ń pẹja, ti fi àwọ̀n wọ́ ìjàpá ńlá kan gúnlẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ki bí omi ilá.

"Bàbá Adédoyin, ẹ dákun! Aboyún ni!" ni Morìnsọ́lá ké sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹyin á pọ̀ nìyẹn," ni Sagbo wí.

Morìnsọ́lá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Zinsu fà á kúrò. Ọbẹ wọ ikùn ìjàpá náà.

Igbe ọmọ tuntun ló jáde. Kí Morìnsọ́lá tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì. Ẹyin funfun ń bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo wọn ń ké.

"Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Kí la fẹ́ gbọ́?" Zinsu gbé abọ́ síwájú rẹ̀. "Ẹ kó wọn síbí, ìyá."

Wọ́n gbé ìkòkò ẹyin náà kaná. Igbe náà kò dákẹ́ títí omi fi hó.